Mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mi ní Gámbíà: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí, ẹ wá bá mi dá sí i

Tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́ (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní abúlé kan lẹ́bàá Basse, lápá òkè odò Gámbíà. Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni ni. Ẹgbẹ́ kékeré kan ló rán mi lọ, wọ́n fún mi ní yàrá àti owó oúnjẹ, kò sí owó oṣù níbẹ̀. Lóṣù kìíní ni wọ́n pè mí láti ilé pé bàbá ti sùn. Ọjọ́ kejì ni mo wọ bàálù. Yàtọ̀ sí ọ̀gá ilé ìwé, mi ò ráyè dágbére fún ẹnì kankan.

A ti sin bàbá, a ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ kẹfà mi nílé rèé, wọ́n sì ń retí mi lọ́hùn-ún. Ohun mẹ́ta ló há mi lọ́fun. Àkọ́kọ́, ìsìnkú ti gbá àpò mi mọ́, nítorí náà mò ń rò ó pé kí n gba ojú títì lọ. Èkejì, mi ò mọ ohun tí mo lè mú dání, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti ìrìnàjò dé níbẹ̀, gbogbo agboolé ló ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kì í jẹ́ kí n sùn. Kíláàsì mi wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ abúlé yẹn gan-an ni, kò tíì ju ọdún kan lọ tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà. Òun nìkan ló ń dá a ṣe látìgbà tí mo ti lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọlé padà? Mi ò rántí ibi tí mo bá iṣẹ́ dé mọ́. Ó sì rẹ̀ mí, kí n má parọ́.

Alájàpá Kútọnu

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, àbúrò mi. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yìn bàbá á dára o.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni tèmi, torí Èkó sí Dakar ni mo ti ń nájà kí n tó bí àkọ́bí mi, ó sì ti wọ yunifásítì báyìí. Láti Sẹ̀mẹ̀ dé Abidjan, kò sí ìjà níbẹ̀. Kútọnu, Hillacondji, Lomé. Tẹ́ ẹ bá ti dé Lomé, Aflao rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn bọ́ sí Gánà. Láti Accra, ẹ gba Takoradi lọ sí Elubo, kẹ́ ẹ sọdá sí Noé. Bọ́dà mẹ́rin péré. CFA lẹ máa ná ní Kútọnu àti Lomé, cedi ní Gánà, CFA yẹn náà lẹ tún máa padà sí ní Abidjan títí wọ Dakar. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ńjì Aflao gba gbogbo CFA ọwọ́ yín. Èyí tẹ́ ẹ máa jẹ ní Gánà nìkan ni kẹ́ ẹ ṣẹ́.

Lẹ́yìn Abidjan ni ọ̀rọ̀ wà. Láyé àtijọ́, Bamako là ń gbà, ká já sí Kayes, ká wọ Sẹ̀nẹ̀gà ní Kidira. Mo mọ ọ̀nà yẹn bí ẹní mowó. Ẹ má gbà á. Málì ti jáde nínú ECOWAS lóṣù kìíní 2025, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́. Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni àwọn agbébọn ti ń dínà lápá Kayes, tí wọ́n ń dáná sun ọkọ̀ agbépo. Àwa tá à ń jẹun lórí ọ̀nà náà ti pa á tì. Ti Gínì wà, ó ṣeé gbà, àmọ́ owó tiwọn yàtọ̀, ọ̀nà wọn sì ń lọ egungun bí ata.

Ohun tí èmi máa ṣe tí mo bá jẹ́ yín: ojú títì dé Abidjan, kí n wá wọ bàálù láti ibẹ̀ lọ sí Dakar. Ní Dakar, ibùdókọ̀ Baux Maraîchers ní Pikine ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ béèrè sept-place tó ń lọ Tambacounda. Pijó àtijọ́ tó ń gbé èèyàn méje ni. Ẹ tètè dé kẹ́ ẹ lè rí ìjókòó àárín, torí ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn pátápátá, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àgbọ̀n rẹ̀. Láti Tambacounda ẹ lọ sí Vélingara, láti Vélingara ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbóòórùn Basse.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí páàsípọ́ọ̀tù yín ní gbogbo bọ́dà, bí awakọ̀ tilẹ̀ ní òun ti bá wọn sọ ọ́. Ní bọ́dà kan tí mi ò ní dárúkọ, mo gbọ́ tawakọ̀, mo fò ó. Nígbà tá a dé èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ibo ni mo gbà wọlé, ṣé láti ojú ọ̀run ni mo ti já bọ́ ni. Àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni mo fi jókòó lórí àpò gààrí mi.

Ẹ̀gbọ́n Serekunda

Alájàpá ti sọ gbogbo ẹ̀. Kí n kàn fi ti ìwé kún un. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ECOWAS fún wa láti wà ní orílẹ̀-èdè ara wa láìsí físà. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìgbélùú. Tíṣà, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára tiyín lónìí. Tó bá ti parí nígbà tẹ́ ẹ wà nídìí òkú, ẹ pe àwọn tó rán yín lọ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn kẹ́ ẹ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ṣé ẹ ti pàdé àwọn Aku ní Banjul? Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, tí àwọn kan nínú wọn wá sọ̀kalẹ̀ sí Gámbíà, àwọn ọmọ wọn ni. Ọ̀pọ̀ lára àwọn babańlá wọn jẹ́ Yorùbá, "ẹ kú" tí wọ́n máa ń fi kí ara wọn ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo dúró sójú ọ̀nà, mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ kú ìdárò. Tíṣà, ìjókòó gígùn yẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù ju ọ̀nà lọ. Tẹ́ ẹ bá jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìnasẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rìn. Nínú ọkọ̀, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ máa gbé e sílẹ̀. Ẹ mu omi, ẹ má fi ìbẹ̀rù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ojú ọ̀nà fi òùngbẹ jẹ ara yín níyà, mo mọ̀ pé ohun tí àwa obìnrin máa ń ṣe nìyẹn. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì wú díẹ̀, kò burú, ó máa ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó ń dunni, tàbí tí èémí ń ṣòro, ilé ìwòsàn ni o, ẹ má fi róòbù ra á.

Yellow card yín ńkọ́? Wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá ló máa lò. Láti oṣù keje 2016 ni wọ́n ti yí i padà, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ẹ̀ẹ̀kan ti tó títí ayé. Bí ẹnì kan bá ní tiyín ti "gbó", tó ní kẹ́ ẹ sanwó òmíràn, ẹ rọra ṣàlàyé fún un.

Oòrùn Basse lóṣù kẹta, ìyẹn náà tún wà ńlẹ̀. Ó lè lé ní ogójì lórí òṣùwọ̀n ooru. Òjò kò ní dé títí di oṣù kẹfà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sán gangan láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìyá Tọ́lá, Lọ́ńdọ̀nù

Mo fẹ́ fi tèmi kún ti nọ́ọ̀sì. Agbẹ̀bí ni mí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ni mo máa ń lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní kílíníìkì kan ní Sàró. Ìgbà kejì tí mo lọ, mi ò lo oògùn ibà. Mo ní Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, ẹ̀fọn Sàró kò lè rí mi gbé ṣe. Ọdún méjìlélógún ni mo ti lò ní ìlú ọba nígbà náà. Ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n dá mi dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun, àwọn tí mo wá tọ́jú ń fi aṣọ tútù nù mí lójú. Ẹni tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ òtútù, agbára tí ara rẹ̀ ní sí ibà ti lọ. Tíṣà, ti yín yàtọ̀, ibi tí ibà wà lẹ ti ń bọ̀. Síbẹ̀, ẹ gbé àwọ̀n ẹ̀fọn yín jáde kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun mìíràn jáde nínú báàgì.

Lánrewájú

Ẹ dárí jì mí o, mo fẹ́ béèrè ohun tí gbogbo yín ń yẹra fún. Ṣé kò sí ilé ìwé tí kò ní tíṣà ìṣirò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni? Ilé ń jò, à ń lọ bá ará ìta kan òrùlé.

Tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́

Ó wà, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ́ni nínú ọ̀kan fún ọdún mẹ́fà. Oṣù mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, wọn ò sanwó. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo ti ń ṣe látijọ́, mi ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Lánrewájú

Mo ti panu mọ́.

Baba TAC

Ọmọ mi, o kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún bàbá.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo ń dúró kí ẹnì kan dáhùn ìbéèrè kẹta. Gbogbo yín sá fún un. Mo wà lára àwọn tí Nàìjíríà rán lọ sí Gámbíà lábẹ́ Technical Aid Corps, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987 nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún méjì méjì ni. Dókítà wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà, amòfin wà. Tíṣà físíìsì ni èmi. Wọ́n ń fún wa lówó ìtọ́jú, nítorí náà mi ò lè ní ìyà tó jẹ ọ́ jẹ èmi náà.

Lẹ́yìn ọdún kìíní, mo wá sílé lò ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin di mẹ́jọ, ẹ mọ bó ṣe ń rí tí èèyàn bá ti fojú kan ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò ní ju ìwé ẹ̀rí tíṣà lọ ló ń di kíláàsì mi mú. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo dé, ojú oorun ṣì wà lójú mi, eruku ọ̀nà ṣì wà nínú etí mi, mo ti dúró níwájú bọ́ọ̀dù ní aago mẹ́jọ. Mo kí i, mo na ọwọ́, mo gba ṣọ́ọ̀kì. Mo rò pé mo ń gba ẹrù lórí rẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá bi í pé báwo làwọn ọmọ ṣe ṣe sí nígbà tí mi ò sí, á ní "dáadáa ni, sà". Ó parí síbẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé ọmọ kan wò dáadáa. Ọ̀dọ́kùnrin yìí ti bá wọn parí ẹ̀kọ́ iná mànàmáná. Ó tú rédíò tó ti kú, ó yọ wáyà inú rẹ̀, ó fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì tan gílóòbù fún wọn. Àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé, ọmọ náà fi bírò pupa kun iná. Èmi tí mo gba digíríì, orí bọ́ọ̀dù ni mo máa ń ya ti tèmi sí. Àti pé látọjọ́ tí mo ti dé, mo ti kó wọn padà sórí ooru àti ìwọ̀n ooru, ibi tí mo bá iṣẹ́ dé kí n tó lọ. Wọ́n ń wò mí ni, wọn ò sọ nǹkan kan. Ọmọ Mandinka kò ní sọ fún àgbà pé ó ń tún ọ̀rọ̀ sọ.

Ọdún méjì mi pé, mo lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ilé ìwé yẹn wà fún sáà kan gbáko láìní tíṣà físíìsì. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó lọ gba iṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì etíkun.

Nítorí náà, má gba ṣọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ tó o lọ ṣe níbẹ̀ ni pé kí wọ́n lè ṣe é láìsí ìwọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, wọ́n ti ń ṣe é. Lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn kíláàsì fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Má kọ nǹkan sílẹ̀ bí inspẹ́kítọ̀, kàn jókòó. Òun ló máa sọ ibi tó fẹ́ kó o bá òun gbé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn: silafando ni wọ́n ń pè é, o mọ̀ ọ́n. Má ra aṣọ, má ra ọṣẹ. Obì ni. Gbàǹja ni kó o rà o, kì í ṣe àbàtà, torí gbàǹja ni wọ́n mọ̀ lápá ibẹ̀ látayébáyé. Fi ewé tútù wé e, máa ta omi sí i ní alaalẹ́. Ààwẹ̀ ló máa bá ọ níbẹ̀, nítorí náà fi ṣúgà kún un, ohun tí wọ́n fi ń ta ara wọn lọ́rẹ nínú ààwẹ̀ nìyẹn. Ra ìyẹn ní Basse, má ru ṣúgà gba bọ́dà mẹ́rin.

O ní o ò ráyè dágbére. Ìyẹn ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tó o kọ. Kí o tó dé ilé ìwé, dé ọ̀dọ̀ alkalo, baálẹ̀ abúlé.

Àdùkẹ́ Ìlọrin

Baba, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ti pé kó dé lónìí kó máa kí abúlé lónìí. Bàbá rẹ̀ ló kú. Ó ti rìn fún ọ̀sẹ̀ kan. Kó tilẹ̀kùn, kó sùn fún ọjọ́ méjì ná.

Baba TAC

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Àmọ́ tó bá tilẹ̀kùn, wọ́n á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí á fi jí. Wọ́n ti gbọ́ pé ó ṣòfò. Ìyá arúgbó tí kò bá bá a kẹ́dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀ràn ni fún un. Kó lọ kí wọn, kó wá sùn. Wọ́n á jẹ́ kó sùn nígbà yẹn.

Tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́

Baba, ẹ ṣeun, sà. Ìbéèrè kékeré kan. Tí wọ́n bá kí mi pé "Sumoolu lee?", pé àwọn ará ilé mi dà, "I be jee" ni mo máa ń dáhùn, pé wọ́n wà níbẹ̀. Kí ni mo máa sọ báyìí?

Baba TAC

I be jee. Àwọn tó kù wà níbẹ̀. Sọ ọ́ tán ná, kó o tó sọ èyí tó ṣẹlẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nílé náà nìyẹn.

Tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Mo ti dé o. Ẹ má bínú, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibí ń wá, ó ń lọ.

Ọjọ́ kẹjọ ni mo wọ Basse. Alájàpá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀nà náà ṣe rí, àyàfi pé mi ò tètè dé Baux Maraîchers, nítorí náà ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, orúnkún mi sì kan àgbọ̀n mi. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì wú, ó ti fà. Mo gba òǹtẹ̀ ní gbogbo bọ́dà. Obì ọgọ́rùn-ún ni mo rà, mẹ́tàdínlógún jẹrà. Ní bọ́dà kan, aṣọ́bodè mú méjì, ó ní òun ń tọ́ ọ wò bóyá obì ni.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, lẹ́yìn ìṣínu, mo lọ bá alkalo. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé obì fún un, mo bẹ̀bẹ̀ pé mo lọ láìdágbére. Kò tilẹ̀ dáhùn ìyẹn. Ó béèrè orúkọ bàbá mi. Mo ní Adégbìtẹ́. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, "gb" inú rẹ̀ kò gbà fún un, ó wá pè é ní Adebite. Ó pín obì yí ká, ó gbàdúrà fún Adebite, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi tí kò dé Gámbíà rí, gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ tẹ́wọ́, wọ́n ń ṣe àmín. Mi ò sunkún nígbà ìsìnkú, ẹnu ọ̀nà alkalo ni mo ti sun ún. Àdùkẹ́, mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń di kíláàsì mi mú ń kọ́ wọn ní ìpín, èyí tí wọ́n ń pè ní ratio. Èmi, àpò sìmẹ́ǹtì àti yanrìn ni mo fi kọ́ wọn lọ́dún tó kọjá. Ewé attaya, tíì tí wọ́n máa ń sè níbí, ni òun ń lò: ife ewé kan, ife ṣúgà méjì, tí àlejò mẹ́fà bá dé ńkọ́? Àwọn ọmọ tó ń gbààwẹ̀ ń kígbe pé ó ń fi òùngbẹ pa àwọn. Kò sí ẹni tí kò rí i ṣe.

Nígbà tó parí, ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi. Mo ní kó mú un dání. Ó wò mí díẹ̀, ó wá tọ́ka sórí tábìlì. Ó ní ìwé ọmọ mọ́kànlélógójì ló ń wò òun lójú níbẹ̀ yẹn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣé mo lè bá òun máàkì ìdajì.

Mo kó ogún. Méjìlá ti parí, ó ku mẹ́jọ. Ìyá Tọ́lá, abẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn ni mo ti ń kọ èyí.